Ẹ Sọ Orúkọ Falilat fún Wọn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà níbi eré ìdárayá ilé-ìwé ọmọ mi, lọ́nà Ọ̀dọ́gùnyàn, ní Ìkòròdú níbí. Ọmọbìnrin kan bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán yí pápá ká, eruku ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yòókù ò rí i bá. Ẹni tó di makirofóònù mú fi igbe ta: "Usain Bolt obìnrin rèé o!"

Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Àmọ́ orúkọ yẹn ò dùn mọ́ mi nínú. Ṣé ẹni tí a ó fi ọmọ yìí wé ló wọ́n wa ni? Falilat Ògúnkọ̀yà, eléré sísá Nàìjíríà, ńkọ́? Ọmọ Òde Lẹmọ ni, ní Rẹ́mọ. Ọ̀nà Ṣàgámù tí à ń gbà lójoojúmọ́ ló lọ síbẹ̀, ṣebí Rẹ́mọ náà sì ni àwọn tó tẹ Ìkòròdú dó ti wá. Ọmọ ilé wa ni!

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1996, ó sá 400 mítà níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta, l'Amẹ́ríkà, ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10, ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ. Marie-José Pérec ọmọ Faransé àti Cathy Freeman ọmọ Ọsirélíà nìkan ló ṣíwájú rẹ̀. Òru ni nílé wa. Bàbá mi ti rọ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nítorí àwọn alájọgbé, àmọ́ nígbà tí Falilat já sí ojú ọ̀nà tó kẹ́yìn, bàbá mi ló kọ́kọ́ pariwo. Gbogbo ilé jí. Láti òru ọjọ́ náà, kò tíì sí obìnrin Nàìjíríà tó sá a yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti lè di abiyamọ.

Lẹ́yìn náà, òun, Bísí Afọlábí, Fatima Yusuf àti Charity Opara gba fàdákà nínú 400 mítà ẹlẹ́ni mẹ́rin. Falilat ló gba ọ̀pá kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá 0.13 péré ni Amẹ́ríkà fi jù wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ Sunday Bada, ọ̀kan lára àwọn ọkùnrin wa tó sá 400 mítà ẹlẹ́ni mẹ́rin, ṣì ń dùn mí. Fàdákà tí wọ́n gbà ní Òlíńpíìkì Sydney 2000 di wúrà lọ́dún 2012, ó sì ti kú lóṣù Kejìlá 2011. Ẹni bá yẹ ká yẹ́ sí, ẹ jẹ́ ká ṣe é lójú ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ilé pupa àti ilé aláwọ̀ ewé tí ẹ pín àwọn ọmọ sí, ẹ sọ ọ̀kan di Ilé Falilat. Ẹfun tí ẹ fi ń fa ìlà pápá, ẹ fi kọ 49.10 síbi tí eré ti ń parí. Kò gba owó ìjọba.

Mo pe ọmọ náà bó ṣe ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ lọ. Mo sọ ìtàn Falilat fún un. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ńkọ́, mélòó ni mo sá a?"

Mo wojú olùkọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó fi aago wò ó.