Agbẹ̀bí wà lọ́dọ̀ obìnrin Hébérù o

Bí ẹ bá wọ ìpàdé àwọn aboyún ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ẹ ó bí bí obìnrin Hébérù!" Àmín rẹ̀ máa ń dún kanlẹ̀, tèmi náà sì wà níbẹ̀. Àdúrà ò burú. Ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí ni mi ò gbà: pé ẹni tó bá nígbàgbọ́ á bí wẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, kò nílò nọ́ọ̀sì, kò nílò dókítà, pé ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún, ọ̀lẹ ni, tàbí kó jẹ́ pé ayé ló ń bá a jà.

Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí kìíní. Ta ló sọ̀rọ̀ tí àdúrà yẹn ti wá? Agbẹ̀bí méjì ni, Ṣifra àti Pua. Fáráò ní kí wọ́n máa pa ọmọkùnrin Hébérù tí wọ́n bá bí, wọn ò pa á. Nígbà tó bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ara àwọn obìnrin Hébérù yá, pé wọ́n á ti bí kí àwọn tó dé. Lójú tèmi, èsì ẹni tí kò fẹ́ kí orí òun kúrò lọ́rùn ni. Bí àwọn obìnrin yẹn kì í bá lo agbẹ̀bí lóòótọ́, kí ni Fáráò ń wá lọ́dọ̀ agbẹ̀bí? Ó mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni ọmọ ń bọ́ sí.

Rákélì ìyàwó Jákọ́bù ńkọ́? Ìrọbí mú un lọ́nà Ẹfúrátà, ó le koko, agbẹ̀bí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fún un nígboyà. Bẹ́ńjámínì yè, ìyá rẹ̀ kú. Ìyàwó Fíníhásì náà bí Íkábódì, ó sì kú. Ta ló fẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ wọn ni kò tó?

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ aboyún lè bímọ láìsí abẹ. Agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2018 ní kí ẹni tó ń rọbí máa rìn bó ṣe wù ú, kó kúnlẹ̀ tàbí kó lóṣòó bí ó bá fẹ́, kí ẹni tó fọkàn tán wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n má fi ipá kán an lójú torí pé ẹnu ilé ọmọ kò ṣí tó sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kan, bí ara ìyá àti tọmọ bá ṣì dá. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ pé ara wọn dá? Ẹni tó ń gbọ́ ìlùkìkì ọkàn ọmọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún nígbà tí ìyá bá ń tì ni, ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń wo àwọ̀ omi tó tú. Bíbí láìsí abẹ yàtọ̀ sí bíbí láìsí ẹni tó mọṣẹ́ nítòsí.

Ibi tó léwu jù tiẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ ti ké. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbí ló ń pa ìyá ọlọ́mọ jù lágbàáyé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí gbogbo ẹni tó bá bímọ gba abẹ́rẹ́ oxytocin, èyí tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya, títí kan ẹni tó bí wẹ́rẹ́. Lọ́dún 2023, ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa: wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní ìwọ̀n sábẹ́ ìyá kí wọ́n lè rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ewu ẹ̀jẹ̀ yíya tó le fi 60 nínú 100 dín kù. Àwọn agbẹ̀bí ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn.

Ní ti abẹ, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi 3 nínú 100 ọmọ ni wọ́n fi abẹ bí. Ó kéré. Bí ibi ọmọ (olóbi) bá bo ẹnu ọ̀nà tí ọmọ máa gbà, tàbí tí ọmọ dábùú, agbẹ̀bí gidi ló máa kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bí sí ilé àbíyè, kó bi wọ́n kí oṣù tó pé: ta ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru níbí? Ṣé abẹ́rẹ́ oxytocin wà, ṣé inú fìríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí? Bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́ lóru, mọ́tò ta la máa wọ̀, ilé ìwòsàn wo là ń lọ? Bí wọ́n bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ gba káàdì yín kúrò níbẹ̀.