Dáyámọ́ńdì àti inú pẹ́ńsù, ọmọ ìyá ni wọ́n

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníròyìn. Àmọ́ ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé átọ̀mù dáyámọ́ńdì (àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú ò lè rí tó para pọ̀ di nǹkan) le ju ti gbogbo nǹkan yòókù lọ, mi ò gbà. Átọ̀mù kábọ̀nù inú rẹ̀ náà ló wà nínú ohun dúdú àárín pẹ́ńsù tí ọmọ mi máa ń jẹ lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe tò ló yàtọ̀. Nínú dáyámọ́ńdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin mìíràn mú ṣinṣin, yíká-yíká, kò síbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà tú u. Ti inú pẹ́ńsù, ìyẹn graphite, mẹ́ta péré ló dì mú, wọ́n wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí a kó léra. Ẹní kan ò fi bẹ́ẹ̀ di èkejì mú; tẹ́ ẹ bá ti fi ha ìwé, ó ń yọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, òun lẹ̀ ń kà yẹn.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, William Bragg àti Lawrence ọmọ rẹ̀, ló fi X-ray rí ìtò dáyámọ́ńdì lọ́dún 1913. Ọmọ ọdún 25 péré ni Lawrence nígbà tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1915! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ìlà yẹn kọ.