Òwú Pupa Lára Ògiri

Ẹ bá mi kí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńláńlá wa, àwọn tí wọ́n ti di agile, ìyẹn ọ̀nà ṣíṣe áàpù díẹ̀díẹ̀ ní tíìmù kéékèèké, pé wọ́n kú iṣẹ́ òwú. Mo lọ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Adó-Èkìtì, níbi tí tíìmù mẹ́sàn-án láti inú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ti ń fi ọjọ́ méjì gbáko pète iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ohun tí ojú mi sì kọ́kọ́ bà ni ògiri kan tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ oríṣiríṣi bò, tí wọ́n wá ta òwú pupa láti ara bébà kan dé òmíràn.

Òwú pupa! Ní ilẹ̀ tí a ti mọ ààlè, tí a sì mọ ohun tí ó ń sọ fún ẹni tí ó bá nawọ́ sí ohun olóhun. Mo ti fẹ́ pẹ̀yìn dà kí ọmọ náà tó fà mí lápá pé, “Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe oògùn o,” ó ní tíìmù tí ó ń dúró de tíìmù mìíràn ni òwú kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Ti ìsanwó ń dúró de ti ààbò, ti ààbò ń dúró de ti àkáǹtì, ti àkáǹtì sì ń dúró de ti ìsanwó. Mo fi ìka tọ òwú kan lọ títí, ibi tí mo ti gbéra náà ni mo tún bá ara mi. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Géńdé ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó máa gé òwú, kí ó sì máa fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí a bá kó ìwọ̀n òwú yẹn fún ìyá tí ó bí bàbá mi, tí ó ń hun kíjìpá nígbà ayé rẹ̀, ẹnìkan ìbá ti rí nǹkan wọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Reluwé ni wọ́n ń pe ara wọn, nítorí SAFe, ìlànà agile fún ilé-iṣẹ́ ńlá, ní kí ènìyàn 50 sí 125 jọ wọ ọkọ̀ ojú irin kan, ìyẹn àkójọ àwọn tíìmù tí ń jọ ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 1996 tí kò sì ní irin reluwé kankan, ti wá ní ọkọ̀ ojú irin nínú òtẹ́ẹ̀lì. A dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́! Ènìyàn 17 tí wọ́n péjọ sí Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejì ọdún 2001, fi ènìyàn àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ṣáájú ìlànà àti irinṣẹ́ nínú ìkéde wọn, níbi tí agile ti gba orúkọ rẹ̀. Tíìmù ìsanwó àti tíìmù ààbò yìí, àga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, òwú ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀! Nígbà tí bàbá mi ń ṣe àáró ní Ìkéré, ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n, oko ẹnìkan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la, ẹni tí ó bá sì pẹ́, wọn a lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ìpàdé orí ìdúró oníṣẹ́jú 15 tí ó ń gba wákàtí kan, kò sì sí ìpàdé tí wọ́n fi ń múra ìpàdé.

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló kàn mí níbẹ̀. Áàpù ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni ó gbé ₦12,000 mi mì láti ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Mo bi ọmọ náà pé òwú tèmi dà. Ó wo ògiri náà pẹ́, ó ní bébà rẹ̀ wà níbẹ̀ ní àárọ̀, ṣùgbọ́n sẹ́lótéèpù rẹ̀ ti ní láti tú, kí obìnrin tí ó ń gbálẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì sì ti gbá a lọ.