Kì í ṣe àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì le lára ẹlòmíì

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni ò tó. Ẹni tẹ́jẹ̀ ẹ̀ bá kún, kòkòrò wo ló máa dá a dùbúlẹ̀?" Ohun tí àǹtí mi wí nìyẹn lọ́dún 2021, nígbà tí Kòrónà mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin n'Íléṣà. Ó lọ sí kẹ́mísìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ìgò méjì, ó fún ewé ùgú, ó po mílíìkì mọ́ mọ́ọ̀tì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu, èémí ọmọ sì ń gé. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ń dùn mí títí dòní.

Nígbà tí ìwé àyẹ̀wò jáde, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n pupa ẹ̀jẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 41. Ẹ̀jẹ̀ ò wọ́n lára ọmọ náà rárá. Albumin, pùròtéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, ló lọ sílẹ̀ sí 27, bẹ́ẹ̀ 35 ló yẹ kó kéré mọ. CRP rẹ̀, pùròtéènì mìíràn tó máa ń lọ sókè bí àìsàn bá le, tí kì í sábà kọjá 10 lára ẹni tára ẹ̀ dá, ti lé ní 100.

Àǹtí ní, "Ṣé ẹ rí i, nǹkan kan ṣáà dín kù níbẹ̀!" Òótọ́ ni, àmọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Irin inú rẹ̀, pupa ẹ̀jẹ̀ ni ara fi ń ṣe, ó sì wúlò fún aboyún àti ẹni tí irin ò tó lára rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé nàró nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ ní láàbù: pupa á rọra wálẹ̀, omi tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí òróró á dúró lókè. Omi yẹn lé díẹ̀ ní ìdajì ẹ̀jẹ̀ wa, inú rẹ̀ sì ni àwọn pùròtéènì tí mò ń wí wà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí àìsàn bá le, ẹ̀dọ̀ á pa iṣẹ́ dà: á dín albumin kù, albumin tó kù á tún máa jò kúrò nínú iṣan, CRP àti fibrinogen á wá máa ya wọlé. Fibrinogen yìí máa ń lẹ pupa ẹ̀jẹ̀ pọ̀ bí owó ẹyọ tí a tò léra, wọ́n á sì yára já wálẹ̀ nínú ìgò. Ohun tí wọ́n ń fi wákàtí kan wò nìyẹn tí wọ́n bá ní ká ṣe àyẹ̀wò ESR. Fibrinogen yìí náà ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró sì wà lára ohun tó pa àwọn tí Kòrónà mú.

Kí ló wá ń jẹ́ kó le lára ẹlòmíì? Wọ́n ti rí ọ̀kan. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 987 tí Kòrónà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wò. Ó kéré tán, 101 nínú wọn ní antibody, ìyẹn ohun ìjà ara, tó ń gbógun ti interferon ara wọn, ìyẹn ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kìlọ̀ fún ara wọn pé fáírọ́ọ̀sì ti dé. Ọkùnrin ni 95 nínú wọn. Wọn ò rí i lára ẹnì kankan nínú àwọn 663 tí àrùn náà ò le lára wọn.

Ọ́síjìn àti dexamethasone ni wọ́n fún ọmọ àǹtí mi. Dexamethasone kì í fi ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀jẹ̀, ìbínú ara ló ń pa rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n wo PCV kẹ́ ẹ tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Bí èémí bá sì ti ń gé, ẹ má dúró ra nǹkan kan rárá, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé aláìsàn lọ.