Kì í ṣe bátìrì ló kú
Wọ́n ń pín in kiri pé bí iná bátìrì laptop Linux bá ń tán lẹ́yìn tí a pa ìdérí rẹ̀ dé, bátìrì ti kú nìyẹn, ká ra òmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka fáìlì /sys/power/mem_sleep, tó ń sọ irú oorun tí ẹ̀rọ yín ń sùn. Bí àkámọ́ [ ] bá wà lára s2idle (oorun fẹ́ẹ́rẹ́), ẹ̀rọ náà kàn ń tòògbé ni, kò sùn. Bí deep (oorun àsùnwọra) náà bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ èyí sínú terminal, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ:

echo deep | sudo tee /sys/power/mem_sleep

(Ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́ ná o, àwọn ẹ̀rọ kan kì í jí dáadáa.) Ètò yìí á pa rẹ́ bí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn.

Bátìrì ńkọ́? Ẹ fi energy_full (iye iná tí bátìrì lè gbà báyìí) wé energy_full_design (iye tí wọ́n ṣe é láti gbà nígbà tó wà ní tuntun) nínú /sys/class/power_supply/BAT0. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, owó yín ṣì wà lápò.