Ojú Rí, Ẹnu Dákẹ́, Ọwọ́ Ńkọ́?

Òwe kan wà tí a máa ń fi pa ara wa lẹ́nu mọ́: gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Òwe àgbà ni, mi ò sì wá láti sọ pé irọ́ ló ń pa. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò á tú ilé onílé ká. Ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ lọ síbi tí ẹbí ti ń pín ogún, tó wá ń ròyìn rẹ̀ kiri àdúgbò, òwe yìí ni wọ́n á fi kìlọ̀ fún un. Ìyàwó tó mọ iye gbèsè tó wà lọ́rùn ọkọ rẹ̀, àlejò tó jí lóru tó gbọ́ ìjà tọkọtaya, nọ́ọ̀sì tó mọ àìsàn tó ń ṣe aládùúgbò, gbogbo wọn ni òwe náà ń bá wí, ó sì ń bá wọn wí ire.

Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ibi ni mo fẹ́ sọ. Fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Small Things Like These ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí mi lọ́kàn. Òun ni wọ́n fi ṣí àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin ní oṣù kejì 2024. Cillian Murphy ló ṣe Bill Furlong, Emily Watson tó ṣe Mọ́dà, olórí àwọn sísítà, sì gba àmì-ẹ̀yẹ níbẹ̀. Ìtàn náà kò gùn. Furlong ń ta èédú inú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Enugu láyé ọjọ́un, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ New Ross ní Áílándì. Kérésìmesì 1985 ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọbìnrin márùn-ún. Ó gbé èédú lọ sílé àwọn sísítà Àgùdà, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin pa mọ́ kí wọ́n máa fọ aṣọ, ló bá bá ọmọbìnrin kan tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá èédú nínú òtútù. Ọmọ náà ń jẹ́ Sarah, orúkọ tí ìyá Furlong fúnra rẹ̀ ń jẹ́. Láti ìgbà yẹn lọ, ọkùnrin tí kò rí oorun sùn ni à ń wò.

Kí n má purọ́, ohun tí àwọn tó wò ó ń sọ ló gbà mí lọ́kàn ju fíìmù ọ̀hún lọ. Àwọn kan ní ó falẹ̀ jù, oorun gbé àwọn lọ, kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní wọn ò fi ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ọmọ náà hàn tó. Ó yé mi. Àwa tí fíìmù Yorùbá tọ́ dàgbà mọ bó ṣe yẹ kí ìkà parí: kí orí rẹ̀ dàrú, kó máa kà bòròbòrò láàárín ọjà, kí ọlọ́pàá mẹ́ta fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ To God Be the Glory gàdàgbà sójú tẹlifíṣàn. Kò sí ọ̀kankan níbí.

Àmọ́ bí wọ́n bá fi pàṣán hàn wá, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, a ó sunkún, a ó ṣépè, a ó sì fọkàn balẹ̀ lọ sùn pé àwọn ìkà kan ló ṣe é. Ohun tí ará New Ross rí ni wọ́n jẹ́ kí àwa náà rí: ògiri gíga, ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ tó sì padé, ọmọ tó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má fi òun sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin lórí ìkúnlẹ̀ tí wọ́n ń nu ilẹ̀. Wọ́n rí i, wọ́n sì ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹni tó ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ti sọ ohun tí ìlú náà sọ fún ara rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Ilé alágbàfọ̀ Magdalene ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìròyìn ìwádìí tí ìjọba Áílándì gbé jáde ní 2013 wo mẹ́wàá nínú wọn, tí ẹgbẹ́ sísítà mẹ́rin ń darí, láti 1922 tí ilẹ̀ náà gba òmìnira títí di 1996 tí wọ́n ti èyí tó kẹ́yìn pa ní Dublin. Obìnrin tó lé ní 10,000 ló gba ibẹ̀ kọjá. (New Ross ní tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í pa kí ó tó di 1985, ìtàn tí wọ́n rò ni ti Furlong.) Àwọn tó lóyún láìlọ́kọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan. Ọmọ aláìlóbìí wà níbẹ̀. Èyí tí ará ilé rẹ̀ ti bà jẹ́, tí wọ́n wá ń gbé òun pa mọ́ dípò ẹni tó bà á jẹ́, wà níbẹ̀. Èyí tí adájọ́ ní kó lọ síbẹ̀ dípò ẹ̀wọ̀n náà wà níbẹ̀. Aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ ọsibítù, aṣọ àwọn olówó ni wọ́n ń fọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á gba orúkọ wọn, wọ́n á fún wọn ní òmíràn.

Yorùbá mọ ìwọ̀fà. Ẹni tó bá yá owó láyé àtijọ́ á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn, á máa bá olówó ṣiṣẹ́. Kò dùn, àmọ́ ìwọ̀fà mọ iye tó jẹ. Ọjọ́ tí ẹbí rẹ̀ bá san án pé, olówó ò lè dá a dúró. Àwọn obìnrin yìí ò mọ iye tí wọ́n jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa san, ta ló mọ iye tí ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́? Àwọn kan jáde lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn kan kú síbẹ̀. Ní 1993, àwọn sísítà kan ta ilẹ̀ wọn ní Drumcondra ní Dublin, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ láti hú òkú obìnrin 133 tó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n bá 22 mìíràn.

Ìjọba ńkọ́? Ìròyìn 2013 yẹn fi hàn pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn obìnrin náà tó jẹ́ pé ọwọ́ ìjọba ló fà wọ́n débẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì máa ń dá àwọn tó bá sá padà. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Òwe náà dára láàárín àwọn awo tó ń tún ìlú ṣe. Ó burú nígbà tí gbogbo ẹni tí èèyàn ì bá ké gbàjarè lọ bá bá jẹ́ awo kan náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ibì kan nínú fíìmù náà. Furlong ti mú ọmọ náà wọlé láti inú yàrá èédú. Mọ́dà kò pariwo, kò halẹ̀. Ó pè é síbi iná, ó da tíì fún un. Wọ́n ti wẹ ọmọ náà, wọ́n ti ya irun rẹ̀. Wọ́n mú un wá, ó sì sọ pé eré ni àwọn ń ṣe. Mọ́dà wá bèèrè àwọn ọmọ Furlong. Ilé ìwé àwọn sísítà ni wọ́n ń lọ, àwọn àbúrò wọn náà sì máa fẹ́ wá, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó ki owó bọ inú káàdì Kérésì, ó ní kó bá òun fún ìyàwó rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ búburú kan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, a ó ní Mama Sísítà ṣèèyàn. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ohun tó sì jẹ́ kí dòdò yìí le ni pé ilé ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí mo rí tí ọ̀pọ̀ ń bú jù ni Eileen, ìyàwó Furlong. Wọ́n ní aláìláàánú ni, nítorí ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ rọ́wọ́ mú láyé gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò fojú fò. Ká ní Yorùbá ni, òwe wa ni ì bá pa. Èmi ò lè bú u. Obìnrin tó ń ṣírò owó oúnjẹ ẹni méje, tó mọ̀ pé ilé ìwé kan ṣoṣo tó lè gbé àwọn ọmọ òun dókè, ọwọ́ àwọn sísítà ló wà, kí ni kó sọ? Mo rí àwọn tó ní tó bá jẹ́ àwọn ni, àwọn ì bá fọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ dákun! Ní oṣù kọkànlá 2019, ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan ní Òjòó, n'Ìbàdàn, tí wọ́n ní àwọn ti ń fi ẹ̀sìn tún ìwà èèyàn ṣe. Ìbàdàn ni o, kì í ṣe New Ross, kì í sì í ṣe Ìjọ Àgùdà. Mélòó nínú wa ló ti fọ́ ilẹ̀kùn rí?

Àwọn kan tún bínú sí fíìmù náà nítorí Ìjọ Àgùdà. Mo mọ ibi tí ìbínú yẹn ti wá. Àwọn Fádà SMA (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà kan) àti àwọn sísítà tó wá láti Áílándì wà lára àwọn tó kọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa níwèé, àgbà kan sì wà títí di òní tó jẹ́ pé bí o bá sọ̀rọ̀ sí Fádà tó kọ́ ọ, ìjà dé. Ìmoore dára. Ṣùgbọ́n oore tí ẹnì kan ṣe mí kò pa ibi tó ṣe fún ẹlòmíràn rẹ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn tó fẹ́ràn Ìjọ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní Áílándì; wọn ò sọ, ilé ìjọsìn sì ti ṣófo níbẹ̀ báyìí ju bí ọ̀tá kankan ì bá ṣe lè sọ ọ́ dà.

Mo wá padà sórí òwe. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹnu ló dá lẹ́kun. Kò ní kí ojú má rí, kò sì ní kí ọwọ́ ká gúlọ́. Ẹ wo Furlong, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo fíìmù náà kò kún ojú ìwé. Kò lọ pariwo ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tí ì bá dá ọmọ náà padà. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ó padà lọ, ó ṣí yàrá èédú, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó mú un gba àárín ìlú kọjá lọ sílé rẹ̀, ará ìlú ń wò. Ó pa òwe àgbà mọ́ délẹ̀délẹ̀. Ìyá tirẹ̀ náà bí i láìlọ́kọ, opó kan tó ń bá ṣiṣẹ́ sì gbà wọ́n sílé. Opó yẹn náà ò ṣe ìpolongo kankan.

Nítorí náà, bí ojú rẹ bá rí nǹkan, má kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá kí o sọ ọ́ tàbí kí o má sọ ọ́. Àṣírí ta ni ìdákẹ́ mi ń bò? Ìbéèrè nìyẹn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ilé kejì tí o rí àpá lára rẹ̀: bí o kò bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi ìnáwó kí ojú má bàa tì í, o bo àṣírí rẹ̀, o ṣe dáadáa. Bí o kò bá sọ ọ́ kí ọ̀gá rẹ̀, tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́, má bàa bínú, ọ̀gá rẹ̀ lo ń bò. Fún ọmọ náà lóúnjẹ, bi í lórúkọ abúlé rẹ̀, kọ ọjọ́ tí o rí àpá náà sílẹ̀. Èkó ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ipá inú ilé. O lè pè wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ láìjẹ́ kí àdúgbò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wo fíìmù náà bínú gan-an bó ṣe parí. Furlong fa ọmọ wọlé, ó tán. Ó ní wọ́n jẹ owó òun, níbo ni apá kejì wà? A ò rí ojú Eileen, a ò mọ̀ bóyá wọ́n lé àwọn ọmọ nílé ìwé, bóyá àwọn oníbàárà sá. Èmi gbà pé ibi tó yẹ kó dúró ló dúró, nítorí Furlong náà ò mọ iye tí yóò ná an nígbà tó ṣe é. Apá kejì wà, ẹ̀gbọ́n, kò kàn sí nínú sinimá ni. Olórí ìjọba Áílándì tọrọ àforíjì ní ilé aṣòfin ní oṣù kejì 2013, ìjọba sì ní àwọn yóò san láti 11,500 dé 100,000 owó yúrò fún obìnrin kọ̀ọ̀kan tó bá ṣì wà láyé. Ẹgbẹ́ sísítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọn ò ní dá owó sí i. Ní Tuam, ìlú mìíràn ní Áílándì, níbi tí ilé àwọn abiyamọ tí kò lọ́kọ wà títí di 1961, Catherine Corless, òpìtàn àdúgbò, wá ìwé ikú ọmọ 796 rí láìrí ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Láti oṣù keje 2025 ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ náà, wọ́n ní yóò tó ọdún méjì. Àwọn ẹbí ń lọ fi ara wọn sílẹ̀ fún àyẹ̀wò DNA, kí wọ́n lè mọ egungun tó jẹ́ tiwọn.