Ẹ Má Jẹ́ Kí Ogun Gbé Àkọsílẹ̀ Ilẹ̀ Dídì Siberia Lọ

Láti oṣù kẹta ọdún 2022 ni àwọn orílẹ̀-èdè méje nínú mẹ́jọ tó wà nínú Ìgbìmọ̀ Arctic, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní òpin àríwá ayé, ti kẹ̀yìn sí Rọ́ṣíà nítorí ogun tó gbé ti Ukraine. A kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ẹni tó gbógun ti aládùúgbò rẹ̀ kò gbọdọ̀ retí pé káwọn tó kù máa bá òun ṣe bí àná. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí wọ́n gé dànù nígbà náà, ọ̀kan wà tí kò yẹ kó bá ogun lọ: àkọsílẹ̀ bí ilẹ̀ dídì ṣe ń gbóná sí i, àti ti gáàsì tó ń ti inú rẹ̀ jáde. Èrò tiwa ni pé kí wọ́n dá pàṣípààrọ̀ rẹ̀ padà, kí Rọ́ṣíà náà sì ṣí ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ilẹ̀ tí òtútù rẹ̀ kò bá kúrò ní ìwọ̀n òdo Celsius tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ó kéré tán ọdún méjì léraléra ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ dídì. Púpọ̀ nínú ti Siberia, apá ìlà oòrùn Rọ́ṣíà, ti dì láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Koríko, gbòǹgbò, egungun ẹranko, ohun tó kú sínú rẹ̀ kò jẹrà tán. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ dídì apá àríwá ayé tó bíi bílíọ̀nù 1,500 tọ́ọ̀nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ báyìí. Bí ilẹ̀ náà bá yọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tó kú sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa tú gáàsì tó ń mú ayé gbóná jáde. Níbi tó bá gbẹ, carbon dioxide ni wọ́n ń tú jáde; níbi tí omi bá dúró sí, methane máa ń bá a jáde. Láàárín ogún ọdún, tọ́ọ̀nù methane kan ń mú ayé gbóná ju tọ́ọ̀nù carbon dioxide kan lọ ní ìlọ́po tó lé ní 80.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni, kó wo Duvanny Yar, òkè kan létí odò Kolyma ní Siberia. Odò ń jẹ ẹsẹ̀ òkè náà, yìnyín inú rẹ̀ ń yọ́, ẹrẹ̀ ń ya lulẹ̀ tòun ti egungun ẹranko tí irú wọn kò sí láyé mọ́. Ohun tó ti wà nínú òtútù fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jẹrà, òórùn rẹ̀ sì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ èyí, tó ń jẹ́ methane hydrate. Yìnyín ni lójú, ṣùgbọ́n gáàsì ló há sáàárín omi tó dì náà. Ṣáná sí i, á jó. Omi lásán ló máa ṣẹ́kù. Bó bá tú, gáàsì inú rẹ̀ á gba àyè tó tó ìlọ́po 160 ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Òun ló dá ìpayà sílẹ̀ ní ọdún 2013, nígbà táwọn mẹ́ta kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé bí bílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù methane bá jáde láti abẹ́ òkun East Siberia láàárín ọdún mẹ́wàá, àdánù rẹ̀ á tó tírílíọ̀nù 60 dọ́là. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di bọ́ǹbù lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ó dùn ún kà, ó sì tà.

Carolyn Ruppel, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ilẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ ti ìjọba Amẹ́ríkà, USGS, kò tẹ̀ lé ariwo náà. Ní 2017, òun àti John Kessler ti Yunifásítì Rochester kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n tú u wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú hydrate ló wà nísàlẹ̀ ibú òkun, níbi tí ooru kò lè tètè dé. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló bá ilẹ̀ dídì tan. Èyí tó bá sì tú nísàlẹ̀ òkun, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ àti inú omi máa ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó yọ sókè. Wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé methane inú hydrate ń dé inú afẹ́fẹ́. Ní 2021, IPCC, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ojú ọjọ́, sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rúndún yìí.

Àwọn kan gbọ́ èyí, ọkàn wọn balẹ̀ jù. Hydrate ni wọ́n dá láre, wọn kò dá ilẹ̀ dídì láre. Tilẹ̀ dídì kì í bú gbàù, díẹ̀díẹ̀ ló ń jò, lọ́dọọdún, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ débi pé kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ iye rẹ̀.

Wíwọ̀n ló ń parí irú ìjà yìí. Ní 2010, Natalia Shakhova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé bíi mílíọ̀nù 8 tọ́ọ̀nù methane ló ń jáde lọ́dún láti inú òkun East Siberia tí kò jìn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí mílíọ̀nù 17. Ní 2014, Oden, ọkọ̀ afọ́yìnyín ilẹ̀ Sweden, wọ inú omi náà, àwọn onímọ̀ Rọ́ṣíà àti tilẹ̀ mìíràn sì jọ wà nínú rẹ̀. Iye tí Brett Thornton àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí fà yọ nínú ohun tí ọkọ̀ náà wọ̀n bọ̀ kò tó mílíọ̀nù 3. Ẹ lè máa jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí, ta ni yóò jẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀?

Ní Chersky, létí odò Kolyma kan náà, ibùdó ìwádìí kan wà tí Sergey Zimov dá sílẹ̀ láyé ìjọba Soviet. Àjọ ìwádìí Max Planck ti Jámánì ń náwó sórí àwọn ẹ̀rọ tó ń wọ̀n gáàsì níbẹ̀; nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá owó náà dúró. Ní oṣù kìíní 2024, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature Climate Change. Àwọn tó ṣe é yọ àwọn ibùdó Rọ́ṣíà kúrò lára àwọn tó ń ṣọ́ Arctic, wọ́n wá wo ohun tó kù. Lórí àwọn nǹkan kan, àṣìṣe tó tìdí ẹ̀ yọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àyípadà tí wọ́n ń retí títí di òpin ọ̀rúndún yìí. Ìyẹn ni pé bí nọ́ńbà bá yí padà lọ́la, a lè má mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló yí padà ni, àbí ojú tí a fi ń wò ó.

Wọ́n á ní sátẹ́láìtì wà. Èyí tó ń wo methane, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sábà máa ń lò, bẹ́ẹ̀ òkùnkùn ló máa ń bo ibẹ̀ nígbà òtútù. Kò sì sí èyí tó lè wo inú ilẹ̀ mítà mẹ́wàá kó mọ bó ṣe gbóná tó. Kànga ni wọ́n fi ń mọ ìyẹn, Yakutsk, ìlú kan ní Siberia, sì ni iṣẹ́ náà ti pẹ́ jù. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Shergin ń wá omi níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ ní 1828. Nígbà tó fi di 1837, ó ti gbẹ́ ẹ dé mítà 116, dídì ni ilẹ̀ ṣì dì. (Ẹni tó ń sanwó fún un ti ní sùúrù o.) Ní 1844, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Middendorff lọ wọ̀n òtútù kànga náà.

Àwọn tó sọ pé kò ṣeé ṣe kí ọ̀tá jọ máa pín àkọsílẹ̀ ti gbàgbé 1957 àti 1958. Amẹ́ríkà àti Soviet ń fi bọ́ǹbù dẹ́rù ba ara wọn nígbà náà, síbẹ̀ wọ́n jọ ṣe ètò ìwádìí ilẹ̀ ayé àgbáyé, wọ́n sì tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí Amẹ́ríkà àti sí Moscow. Ní 1973, Yakutsk ni ìpàdé àgbáyé kejì lórí ilẹ̀ dídì ti wáyé, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà sì lọ.

Ẹ̀rù pé owó tó bá wọ Rọ́ṣíà lè di ọta ìbọn kì í ṣe ẹ̀rù asán. Nítorí náà, a kò ní kí ẹnikẹ́ni fowó ránṣẹ́ sí ìjọba Moscow. Nọ́ńbà là ń sọ: ooru inú kànga, iye gáàsì, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ìjọba Moscow náà kò mọ́ lọ́rùn. Ìjọba tó ń fura sí onímọ̀ tirẹ̀ bó bá bá àjèjì sọ̀rọ̀ kò lè sọ pé àwọn ará ìta nìkan ló tilẹ̀kùn. Rọ́ṣíà kò sì fọwọ́ sí àdéhùn Glasgow ti 2021, tí àwọn tó wọ̀ ọ́ fi ṣèlérí láti jọ dín methane kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó di ìparí 2030. Ní Yamal, àgbègbè kan ní Siberia tí Rọ́ṣíà ti ń wa gáàsì, páìpù gáàsì àti ilẹ̀ tó ń yọ́ jọ wà pọ̀. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tó ṣeé gbára lé, kí ni kò ní jẹ́ kí iléeṣẹ́ tí páìpù rẹ̀ ń jò nawọ́ sí ilẹ̀, kó ní òun kọ́?

Ní 2024, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀ Arctic padà sí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú Rọ́ṣíà. Kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ilẹ̀ dídì ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Kí Jámánì àtàwọn tó kù gba àwọn onímọ̀ wọn láàyè láti gba nọ́ńbà, kí wọ́n sì fún àwọn ti Siberia ní tiwọn, láìsí owó láàárín. Ètò ìwádìí àgbáyé lórí òpin àríwá àti gúúsù ayé tó ń bọ̀, ti 2032 sí 2033 ni, ìmúra rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Kí orúkọ Chersky àti Yakutsk wà nínú ìwé ètò náà láti ìsinsìnyí, kí ogun parí o, kó má parí o.